Mọ́tọ̀ DC àti Díráìfù Tí Ń Darí Eré Rẹ̀

Ẹni tí ó bá ti Ọ̀rẹ̀ kọrí sí Ìbíní, ìlú ọba aládé ìlẹ̀kẹ̀, ìlú àwọn arọdẹ òpópónà Igun tí òkìkí wọn kàn dé òkè òkun, yóò la oko rọ́bà àti igbó ọ̀pẹ já títí kí ó tó kan Okada àti Ekiadolor, ìlú tí a ti kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní iṣẹ́ olùkọ́ rí, kí ó tó wá dé Oluku níbi tí ọ̀nà Àkúrẹ́ ti yà. Lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ náà ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tí a mọ̀ sí NIFOR wà, èyí tí ìjọba òyìnbó dá sílẹ̀ ní 1939. Ní Iyanomo, ní ìhà kejì ìlú, sì ni ibùdó ìwádìí rọ́bà wà. Mo ka ibi wọ̀nyí sílẹ̀ nítorí pé kò sí ọ̀kan nínú ohun tí ilẹ̀ ọlọ́ràá yìí ń mú jáde, ìbáà ṣe epo, ìbáà ṣe rọ́bà, ìbáà ṣe pákó, tí í ti inú oko bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó láìgba ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kọjá. Ẹ̀rọ náà kò sì lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì bí kò bá sí ohun tí ń sọ fún un ìgbà tí yóò rọra àti ìgbà tí yóò yára.

Ẹ wo ọ̀rá tí a ń rọ omi mímu sí, èyí tí àwọn ọmọ ń kiri láàárín ọkọ̀ ní gbogbo ojú ọ̀nà láti Èkó títí dé Ìbíní. Wóró-wóró ni ike rẹ̀ ń wọ inú ẹ̀rọ. Irin gbọọrọ kan tí ń yí ni ó ń tì í lọ nínú páìpù gbígbóná títí yóò fi yọ́. A ó fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ó ti ń jáde, yóò wú, yóò ga sókè, rólà tí ó wà lókè yóò sì máa fà á, yóò máa ká a. Bí irin tí ń tì í bá yára jù, ọ̀rá yóò nípọn, owó olówó yóò sì máa bá ìnípọn náà lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé rólà òkè ni ó yára jù, ọ̀rá yóò fẹ́lẹ́, yóò ya, omi yóò sì dà sí ẹni tí ó rà á lára. Eré méjèèjì ní láti bára mu láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí fún rọ́bà tí a ń tẹ̀ pẹlẹbẹ láti fi ṣe táyà, fún bébà, fún aṣọ tí a ń hun nínú ilé-iṣẹ́ ńlá, fún irin tí a ń nà gùn, àti fún ààrò gbọọrọ tí ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ níbi tí a ti ń sun sìmẹ́ǹtì. Nítorí irú iṣẹ́ wọ̀nyí ni a ṣe dá ẹ̀rọ tí àwọn oníná ń pè ní díráìfù, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ọ̀kan ṣoṣo lọ: kí ó mú eré mọ́tọ̀ iná tí ń yí ẹ̀rọ dúró ní ibi tí a bá fi í sí, ẹrù ìbáà wúwo, ìbáà fúyẹ́.

Bí irú ẹ̀rọ yìí bá dákẹ́ lójijì, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ènìyàn ni pé bọ́ọ̀dù ti jó. A ó tú díráìfù kúrò lára ògiri, a ó gbé e lọ sí Èkó, a ó ra òmíràn ní owó gọbọi, a ó so ó mọ́ ibẹ̀, mọ́tọ̀ yóò sì tún dákẹ́ gẹ́gẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Èrò tèmi, tí n kò sì ní yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, ni pé kì í sábà jẹ́ díráìfù ni ó jẹ̀bi. Òun ni ó kàn ń ké nígbà tí nǹkan mìíràn bá ń dun mọ́tọ̀, tàbí okùn iná, tàbí ẹrù tí a dì lé wọn lórí. Ẹni tí ó bá mọ bí eré ṣe ń wáyé nínú mọ́tọ̀ ni yóò gbọ́ ohun tí igbe náà ń wí, nítorí náà ibẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọmọ aráyé ti ń wá ọ̀nà àtiṣe mọ́tọ̀ iná àti àtidarí rẹ̀. Ní 1821 ni Michael Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ kan tí ó kọ́ iṣẹ́ dídi ìwé kí ó tó di onímọ̀ tí gbogbo ayé ń wárí fún, mú kí wáyà tí iná ń gba inú rẹ̀ máa yí òòfà ká ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ní 1873, níbi àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní ìlú Vienna, wọ́n so ẹ̀rọ Gramme méjì pọ̀, èkíní ń pèsè iná, èkejì sì ń ti ara iná náà yí, ojú àwọn oníṣòwò sì là pé mọ́tọ̀ iná lè ṣe iṣẹ́ tí ó ní láárí. Ní 1891 ni Harry Ward Leonard, ará Amẹ́ríkà, rí ọ̀nà tí eré mọ́tọ̀ ńlá yóò fi máa gbọ́ ọ̀rọ̀ sí ènìyàn lẹ́nu: ó fi mọ́tọ̀ kan yí jẹnẹrétọ̀, ó fi iná jẹnẹrétọ̀ náà bọ́ mọ́tọ̀ kejì tí ń ṣe iṣẹ́, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá ti yí ìwọ̀nba iná tí ń lọ sínú jẹnẹrétọ̀ náà padà, eré mọ́tọ̀ ìkẹyìn yóò yí padà pẹ̀lú. Ẹ̀rọ mẹ́ta ni ó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ kan. Wọ́n wúwo, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń jẹ àyè, síbẹ̀ òun ni wọ́n fi ń gbé ènìyàn sókè-sódò nínú ilé gíga, tí wọ́n sì fi ń wa kùsà fún ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún. Nígbà tí ó di 1957, ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà ṣe ohun kékeré kan tí a ń pè ní thyristor, tí a lè dì mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ ńláńlá Ward Leonard. Díráìfù DC tí a ń rí lára ògiri ilé-iṣẹ́ lónìí, ìbáà ṣe ti Eurotherm láti Gẹ̀ẹ́sì, ti Control Techniques láti Wales, tàbí ti Siemens láti Jámánì, thyristor ni ọkàn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo inú mọ́tọ̀ náà wàyí. Ọ̀nà méjì ni ó pín sí. Èyí tí ó dúró sójú kan ni fíìdì, wáyà tí a ká mọ́ irin ní inú ìkarahun mọ́tọ̀, tí ń sọ irin náà di òòfà nígbà tí iná bá ń gba inú rẹ̀. Èyí tí ń yí ní àárín ni armature, tí òun náà ní wáyà tirẹ̀, tí a so orí àwọn wáyà náà mọ́ bàbà róbótó kan tí ó là pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, èyí tí í ṣe commutator. Búrọ́ọ̀ṣì oníkábọ̀n ni ó sì ń fara kan bàbà náà láti gbé iná wọlé bí ó ti ń yí. Bí armature bá ti ń yí nínú òòfà fíìdì, òun fúnra rẹ̀ a máa pèsè fóltéèjì tirẹ̀ tí ń ta ko èyí tí a fi sí i. Bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àtakò náà ń pọ̀ sí i, títí tí méjèèjì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, níbẹ̀ gan-an ni eré mọ́tọ̀ yóò sì dúró sí.

Nínú ọ̀rọ̀ kúkúrú yìí ni gbogbo ìmọ̀ tí oníṣẹ́ nílò farasin sí. Bí a bá fi kún fóltéèjì tí ń lọ sí armature, mọ́tọ̀ yóò yára sí i kí àtakò rẹ̀ lè tún bá a dọ́gba. Bí a bá dín in kù, yóò rọra. Bí mọ́tọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́, kò sí àtakò kankan, nítorí náà iná tí yóò rọ́ wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè pọ̀ tó láti sun ún bí kò bá sí ohun tí yóò dá a lẹ́kun. Bí òòfà fíìdì bá sì rọ, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yóò rò pé mọ́tọ̀ yóò rọra, ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ ni ó máa ń ṣẹlẹ̀: armature yóò ní láti sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí ó tó lè pèsè àtakò tí ó yẹ. Bí wáyà fíìdì bá wá já pátápátá tí ẹrù orí mọ́tọ̀ kò sì wúwo, eré rẹ̀ yóò máa ga, yóò máa ga, títí wáyà inú armature yóò fi fò yọ. Mo ń sọ eléyìí pẹ̀lú gbogbo ẹnu mi nítorí pé ẹ̀mí ènìyàn wà níbẹ̀: díráìfù tí a ṣe dáadáa máa ń ṣọ́ iná fíìdì, a sì máa pa ara rẹ̀ bí ó bá ti pòórá, ẹnikẹ́ni tí ó bá fi wáyà so ibi ìṣọ́ náà pọ̀ kí iṣẹ́ òwúrọ̀ má bàa dúró, ikú ni ó ń bá ṣeré.

Iná tí ń wá láti orí òpó ń lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná DC ń ṣàn sí. Thyristor a máa dí iná lọ́nà títí a ó fi fún un ní àṣẹ. Bí ó bá sì ti gba àṣẹ, kò ní dí i mọ́ títí iná náà fúnra rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀ di òdo. Bí àṣẹ bá tètè dé, iná púpọ̀ ni yóò kọjá kí ọ̀nà tó tún dí. Bí àṣẹ bá pẹ́, díẹ̀ ni yóò kọjá. Nínú díráìfù tí ń lo fésì mẹ́ta, thyristor mẹ́fà ni ó ń pín iṣẹ́ yìí ṣe, ìgbà 300 sì ni àṣẹ ń jáde nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti ara 415 fólítì tí ó wọlé, ohun tí ó lè jáde tó nǹkan bí 560 fólítì iná DC bí a bá ṣí i sílẹ̀ pátá, ṣùgbọ́n a kì í dé ibẹ̀: 440 fólítì ni ọ̀pọ̀ mọ́tọ̀ tí ń lo irú rẹ̀ ń jẹ. Àwọn kéékèèké tí ń lo fésì kan ṣoṣo, 240 fólítì, máa ń fún armature ní nǹkan bí 180.

Rírán iná nìkan kò sì tó. Onílù tí ó mọ iṣẹ́ kì í tẹjú mọ́ awọ ìlù rẹ̀. Ẹsẹ̀ oníjó ni ó ń wò, bí ó bá rí i pé ẹsẹ̀ náà fẹ́ rẹ̀, a ki ìlù mọ́lẹ̀, bí ó bá rí i pé oníjó fẹ́ sá kọjá ìlù, a dẹ ọwọ́. Báyìí ni díráìfù ṣe ń wo mọ́tọ̀. Ohun tí ó fi ń wò ó ni táko, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tí a so mọ́ ìdí mọ́tọ̀, tí ń pèsè fóltéèjì ní ìwọ̀n eré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń pèsè 60 fólítì bí mọ́tọ̀ bá yí ní ìgbà 1,000 ní ìṣẹ́jú kan. Díráìfù yóò fi ohun tí táko sọ wé ohun tí ọwọ́ ènìyàn béèrè lórí bọ́tìnnì ìyípo, yóò sì fi kún iná tàbí kí ó yọ kúrò. Níbi tí kò bá sí táko, fóltéèjì armature ni yóò máa wò, yóò sì máa ṣírò iye tí ẹrù ń jẹ mọ́ ọn lọ́wọ́ láti fi dí i. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ó tún ń ṣọ́ iye ámúpù tí ń lọ, kì í sì í jẹ́ kí ó kọjá ààlà tí a pa fún un. Ọ̀pọ̀ díráìfù a máa gbà kí mọ́tọ̀ jẹ ìlọ́po kan ààbọ̀ iná rẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá, nígbà tí ẹrù bá wúwo ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó tó dá a dúró.

Lílò rẹ̀ lójoojúmọ́ kò le, sùúrù ni ó gbà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí a tó tẹ bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀, kí a dá bọ́tìnnì eré padà sí òdo, kí a rí i pé fáànù tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí mọ́tọ̀ ń yí, kí ó sì máa fẹ́ sí ọ̀nà tí ó yẹ, nítorí pé bí wọ́n bá pààrọ̀ fésì nígbà tí wọ́n ń kúrò lórí iná ìjọba bọ́ sí jẹnẹrétọ̀, fáànù yóò máa yí sẹ́yìn, kò sì ní sí ẹni tí yóò fura títí mọ́tọ̀ yóò fi gbóná. Fáànù yìí ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ti rò lọ: mọ́tọ̀ tí a ń lò ní eré kékeré pẹ̀lú ẹrù ńlá ń gbóná púpọ̀, bẹ́ẹ̀ eré tirẹ̀ kò tó láti fẹ́ atẹ́gùn sí ara rẹ̀. Lẹ́yìn èyí kí a tẹ ìbẹ̀rẹ̀, kí a gbé eré sókè díẹ̀díẹ̀, kí ojú wa sì wà lára mítà ámúpù. Iye tí a kọ sára pátákó kékeré tí ó wà lára mọ́tọ̀ ni òpin rẹ̀. Bí a bá fẹ́ dá a dúró, kí a sọ eré kalẹ̀ ná, kí a tó tẹ ìdádúró. Kí a má ṣe fa suìṣì ńlá wálẹ̀ nígbà tí ẹrù ṣì wà lórí mọ́tọ̀. Ní inú díráìfù ni àwọn ìyípo kéékèèké wà fún eré tí ó pọ̀ jù lọ, eré tí ó kéré jù lọ, bí yóò ti pẹ́ tó kí ó tó gòkè, àti ààlà ámúpù: wọn kì í ṣe ohun ìdánwò fún ọmọ iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀.

Nígbà tí àìsàn bá wá dé, ẹnu ni kí a kọ́kọ́ lò, kí a tó lo ọwọ́. Abèèrè kì í ṣìnà. Kí ni wọ́n ṣe sí i lánàá? Ṣé òjò wọ inú pánẹ́lì? Ṣé wọ́n yí jẹnẹrétọ̀ padà? Ṣé ó ń ṣe dáadáa ní eré kékeré tí ó sì ń kùnà ní eré ńlá? Lẹ́yìn ẹnu, kí a lo ojú àti imú: wáyà tí ó dúdú, òórùn jíjó, ọmọńlé tí ó kú sáàárín ibi ìsowáyà méjì, ìyẹn sì wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ olójò wa níbi tí àwọn ènìyàn ti máa ń fi ilẹ̀kùn pánẹ́lì sílẹ̀ ní ṣíṣí. Kí a tó wá fọwọ́ kan ohunkóhun, kí a pa suìṣì ńlá, kí a fi àgádágodo tì í, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú àpò ẹni tí ń ṣe iṣẹ́, kí a dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí iná tí ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ tán, kí a sì fi mítà wò ó. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Bí mọ́tọ̀ kò bá yí rárá, iná tí ń wọlé ni a ó kọ́kọ́ wọ̀n, láàárín fésì kíní àti èkejì, èkejì àti ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹta àti èkíní, nítorí pé fésì kan tí ó sọnù lórí òpó nìkan ti tó láti mú díráìfù kọ iṣẹ́, bọ́ọ̀dù tuntun kò sì ní mú un padà wá. A ó wo fíúsì. Fíúsì tí ń dáàbò bo thyristor kì í ṣe fíúsì lásán. Ó ń yára já kí thyristor tó jó. Ẹni tí ó bá fi wáyà dípò rẹ̀ ti sọ thyristor olówó ńlá di ohun tí yóò kú kí wáyà kọ́bọ̀ lè yè. Lẹ́yìn fíúsì, kí a wo bọ́tìnnì ìdádúró pàjáwìrì, bóyá ẹnìkan ti tẹ̀ ẹ́ tí kò fà á jáde, kí a sì wo suìṣì ooru tí ó wà nínú mọ́tọ̀. Bí gbogbo èyí bá dára, kí a wọn bọ́tìnnì eré: ọ̀pọ̀ díráìfù ń fún un ní 10 fólítì, ẹsẹ̀ àárín rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa ti òdo gòkè lọ sí 10 wọ́ọ́rọ́wọ́ láìfò, èyí tí ó bá ń fò ti bàjẹ́, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Kí a wọn fíìdì: bí fóltéèjì bá wà tí ámúpù kò sí, wáyà fíìdì ti já. Níkẹyìn kí a wọn ohun tí ń lọ sí armature: bí fóltéèjì bá ń jáde láti ara díráìfù tí ámúpù kò sì lọ, búrọ́ọ̀ṣì ni kò kan commutator mọ́, tàbí okùn ti já lójú ọ̀nà. Ẹ kíyèsí i pé nínú gbogbo ìrìn yìí, a kò tíì dé orí bọ́ọ̀dù.

Bí mọ́tọ̀ bá jẹ́ pé kété tí a bá tẹ̀ ẹ́ ni ó máa ń ta lọ pẹ̀lú gbogbo eré rẹ̀ tí kò sì gbọ́ ti bọ́tìnnì mọ́, táko ni kí a fura sí: wáyà rẹ̀ ti já, tàbí ìsopọ̀ rẹ̀ mọ́ ìdí mọ́tọ̀ ti yọ, tàbí ẹni tí ó tún un ṣe ti so wáyà méjèèjì ní òdì. Díráìfù ń gbọ́ pé mọ́tọ̀ kò yí, nítorí náà ó ń fi iná kún un láìdábọ̀. Kò ṣe àṣìṣe kankan, ìròyìn tí wọ́n mú wá fún un ni kì í ṣe òótọ́. Bí eré bá ń gòkè tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ìsopọ̀ táko tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dẹ̀ lè ni, ó sì tún lè jẹ́ pé ẹnìkan ti gbé ìyípo tí ń dí iye tí ẹrù ń jẹ sókè jù nínú díráìfù tí kò ní táko.

Èyí tí ó ń dùn mí jù lọ ni ti díráìfù tí ń pa ara rẹ̀ nítorí ámúpù tí ó pọ̀ jù, nítorí òun ni àwọn ènìyàn máa ń dá lẹ́bi jù. Ẹ jẹ́ kí a rò ó ní ilé-iṣẹ́ ọ̀rá kékeré kan ní agbègbè Ekiadolor. Iná lọ ní àárín iṣẹ́, ó sì tó wákàtí méjì kí ó tó dé. Ike tí ó wà nínú páìpù ti tutù, ó ti le, ó ti di irin tí ń yí mú gbọingbọin. Bí iná ti dé, ọ̀gá ń pariwo, ọmọ iṣẹ́ ń kánjú, a tẹ ìbẹ̀rẹ̀, díráìfù fún mọ́tọ̀ ní gbogbo iná tí ààlà gbà, irin kò yí, díráìfù sì pa ara rẹ̀. A tún tẹ̀ ẹ́, ó tún pa. Nígbà tí ó bá ṣe, ẹnìkan yóò ní kí a gbé ààlà ámúpù sókè. Bí a bá gbé e sókè, yálà mọ́tọ̀ yóò jó, tàbí irin gbọọrọ náà yóò ṣẹ́, a kì í sì í rí irú rẹ̀ rà ní ìtòsí. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe kò ju kí wọ́n tan ohun tí ń mú páìpù gbóná, kí wọ́n sì dúró títí ike yóò fi yọ́ dé inú lọ́hùn-ún. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: ẹrù ni ó ń ṣàìsàn, kì í ṣe díráìfù. Bákan náà ni bíárìn tí ó gbẹ, jíà tí ó ṣẹ́ eyín, bẹ́líìtì tí ó le jù, gbogbo wọn ni ó ń fi ojú ámúpù hàn. Bí a bá fẹ́ mọ̀ dájú, kí a tú mọ́tọ̀ kúrò lára ẹrù rẹ̀, kí a sì yí i ní òun nìkan, ní eré kékeré, pẹ̀lú fíìdì tí a ti wọ̀n pé ó pé. Bí ó bá yí wẹ́rẹ́, a ti mọ ibi tí àìsàn wà.

Nípa búrọ́ọ̀ṣì àti commutator, ẹni tí ó bá mọ̀ wọ́n wò yóò mọ ìlera mọ́tọ̀ láìlo mítà. Commutator tí ara rẹ̀ dá máa ń ní àwọ̀ ilẹ̀ tí ó ń dán. A kò gbọdọ̀ fi bébà oníyanrìn họ ọ́ kúrò nítorí pé ó dúdú díẹ̀, ìbora rere rẹ̀ ni. Ibi tí ó jó, ibi tí ó jinlẹ̀ ní ìlà-ìlà, àti iná tí ń ṣẹ́ pàrà-pàrà yí i ká ni àmì àìsàn. Ó lè jẹ́ pé búrọ́ọ̀ṣì ti kúrú jù, pé sípíríǹgì rẹ̀ ti rọ, tàbí pé a da irú méjì pọ̀ mọ́ra nínú mọ́tọ̀ kan, èyí tí kò tọ́ rárá. Eruku kábọ̀n tí ń yọ lára rẹ̀ a sì máa kó jọ, bí ọ̀rinrin òjò ilẹ̀ Ẹ̀dó bá wá bà lé e, iná yóò máa rí ọ̀nà gbà sára irin. A ó fa eruku náà kúrò, a ó sì fi ẹ̀rọ ìwọ̀n tí a ń pè ní mẹ́gà, tí ń rán 500 fólítì jáde, wọn ìdábòbò wáyà. Èyí tí kò bá tó mẹ́gà-óòmù kan kò yẹ kí a fi iná sí. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí mi: kí a tú wáyà díráìfù kúrò lára mọ́tọ̀ kí a tó ṣe èyí, nítorí pé fóltéèjì tí ẹ̀rọ ìwọ̀n náà ń rán jáde lè pa thyristor tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi.

A kò sì lè sọ̀rọ̀ tán láìmẹ́nu ba iná fúnra rẹ̀. Ní Ihovbor, tí kò jìnnà sí Ìbíní, ni ilé-iṣẹ́ amúnáwá Azura-Edo, tí agbára rẹ̀ tó 461 megawatt, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ajé ní 2018, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní agbègbè náà ni ó ṣì gbójú lé jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Díráìfù DC kò fẹ́ràn jẹnẹrétọ̀ kékeré: bí thyristor ti ń ṣí tí ó sì ń tì ní ìgbà 300 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ń ge ara iná náà jágbajàgba, ohun tí ń darí fóltéèjì nínú jẹnẹrétọ̀ yóò sì dàrú, eré ẹ́ńjìnnì yóò máa lọ sókè sódò, díráìfù kò sì ní mọ ìgbà tí ó yẹ kó pàṣẹ mọ́. Jẹnẹrétọ̀ tí agbára rẹ̀ ju ti mọ́tọ̀ lọ dáadáa, pẹ̀lú kọ́ìlì tí a so síwájú díráìfù, ni ó ń mú àlàáfíà wá.

Òótọ́ ni pé ilé-iṣẹ́ tuntun ti ń lo mọ́tọ̀ AC, èyí tí ń lo iná tí ń lọ síwá sẹ́yìn tí kò sì ní búrọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ínfátà tí ń darí eré rẹ̀, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra mọ́tọ̀ DC tuntun bí kò bá ní ìdí pàtàkì. Ṣùgbọ́n mọ́tọ̀ DC tí a ti san owó rẹ̀, tí bàbà inú rẹ̀ ṣì pé, kò yẹ ní títà fún àwọn tí ń ra irin àlòkù nítorí fíúsì tàbí búrọ́ọ̀ṣì kan. Nígbà tí Michelin ti ilé-iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt ní 2007, tí Dunlop ní Ìkẹjà sì dá ṣíṣe táyà dúró lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí ì bá ti kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ àgbà pàdánù ibi ìkọ́ṣẹ́. Ohun tí ó ṣẹ́ kù fún wọn ni àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tí ó wà lójú ọ̀nà wọ̀nyí.

Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ni ilé-iṣẹ́, ní Ekiadolor àti níbi gbogbo: ẹ ra ìwé kan, ẹ so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ pánẹ́lì, kí ẹ kọ sínú rẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣe dáadáa, iye fólítì armature, iye ámúpù rẹ̀, iye fólítì àti ámúpù fíìdì, gígùn búrọ́ọ̀ṣì, àti ibi tí ìyípo kọ̀ọ̀kan nínú díráìfù wà. Ẹ fi odindi ìtò búrọ́ọ̀ṣì kan àti fíúsì mẹ́ta tí ó bá díráìfù náà mu pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ máa dúró ti oníná nígbà tí ó bá ń wọn nǹkan, kí ó lè kọ́ ọ.